Ààrò Onígi Tí Kì Í Jẹ Igi Ní Ìjẹkújẹ: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ Sílé Ìdáná l'Ákùúrẹ́

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ń da ooru nù. Bí a bá kó igi mẹ́wàá sábẹ́ ìkòkò lórí òkúta mẹ́ta, ooru igi kan, bóyá kan ààbọ̀, ló ń wọnú ìkòkò. Ìyókù ń yan ojúgun ẹni tó ń dáná, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, tàbí kó di dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ àjà. Ààrò tí a fẹ́ kọ́ yìí lè sọ ọ́ di méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta nínú mẹ́wàá, bí a bá tẹ̀lé ìwọ̀n rẹ̀ tí igi sì gbẹ.

Kì í ṣe awo. Larry Winiarski, ará Amẹ́ríkà kan, ló to ìlànà rẹ̀ jọ láàárín àwọn ọdún 1980. Rocket stove ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ní ìlú olótùútù, wọ́n ń fi iná igi mú gbogbo ilé gbóná, ara ilé ni wọ́n sì fẹ́ kí ooru lọ. L'Ákùúrẹ́ ńkọ́? Ta ló ń wá ooru kún ooru? Inú ìkòkò ni tiwa gbọ́dọ̀ lọ, kí èéfín sì bá òrùlé jáde.

Ojú ìkòkò méjì la ó kọ́: èkíní tó ń gba iná gan-an, fún iṣu tàbí omi àmàlà, èkejì tó ń gba ooru tó kù, fún ọbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀pá èéfín.

Ọ̀fun ló ni iṣẹ́

Èéfín kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, igi tí kò jó tán ni. Nínú ààrò yìí, igi ń gba ẹnu wọlé ní ìdùbúlẹ̀, iná ń gba ọ̀fun gòkè ní ìdúró. Èéfín tó bá jáde lára igi á kọjá láàárín ọwọ́ iná kó tó dé ìdí ìkòkò, á sì jó níbẹ̀. Nítorí náà ọ̀fun gbọ́dọ̀ tètè gbóná, kó sì má máa mu ooru. Amọ̀ lásán tó nípọn ń mu ooru bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Ọ̀pọ̀ ààrò tí wọ́n mọ bí ògiri, tí wọ́n ní ìgbàlódé ni, ń jẹ igi ju òkúta mẹ́ta lọ nítorí èyí. Òkúta tó kún ilẹ̀ wa láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè kò wúlò níbẹ̀ rárá: omi tó bá wà nínú ìlà rẹ̀ lè fọ́ ọ pàà lójú iná. Sìmẹ́ǹtì náà ń bó, ó ń ya, ó ń wó.

Ìwọ̀n ẹnu àti ọ̀fun jẹ́ cm 12 ní ìbú, 12 ní gíga tàbí ní ìnà. Ọ̀fun ga tó cm 30 láti ilẹ̀ rẹ̀ dé orí. Ìyẹn tó fún ìkòkò tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ tó cm 30. Gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ kí ẹnu fẹ̀ sí i kí ìtì igi lè wọ̀ ọ́. Ẹ má gbà. Bí ẹnu bá fẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù á pọ̀ ju iná lọ, ẹ ó sì padà sí èéfín.

Bíríkì tó fúyẹ́

Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ jù nìyí. A nílò bíríkì 22, ṣùgbọ́n ẹ ṣe 30, nítorí àwọn kan á fọ́. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tó bá gbẹ ni cm 18 × 12 × 6. Amọ̀ ń súnkì bó bá ń gbẹ, nítorí náà ẹ ṣe àpótí pákó tí a ó fi mọ ọ́n ní 19 × 12.6 × 6.3.

Amọ̀ òkìtì ọ̀gán dára gan-an. Ikán ti bá wa lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ gún un, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Iyẹ̀fun pákó tí ayùn ń dà sílẹ̀ ní ṣọ́míìlì ni ìkejì rẹ̀. Èyí tó kúnná ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó fẹ̀ pẹlẹbẹ tí káfíńtà ń fá kúrò lára pákó. Rọ́bà pẹ́ńtì 20 líta méjì amọ̀, méjì iyẹ̀fun pákó. Ẹ pò wọ́n ní gbígbẹ kí ẹ tó bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ó le bí ẹ̀bà tó ki. Ẹ bò ó fún ọjọ́ méjì, ẹ tún un tẹ̀ kí ẹ tó mọ ọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ mọ mẹ́ta péré. Lórí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà cm 10 gééré. Lẹ́yìn ọjọ́ méje lábẹ́ ibòji, ẹ wọn ìlà náà. Bó bá ti di 9.5, ó dára. Bó bá dín sí 9.2 tàbí kéré sí i, amọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ fi iyẹ̀fun pákó kún un. Bí etí bíríkì bá ń rún lọ́wọ́, iyẹ̀fun ló pọ̀ jù.

Ẹ gbẹ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa yí wọn padà. Oòrùn tààrà á la wọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ fi iná sun wọ́n bí amọ̀kòkò ṣe ń sun ìkòkò: ẹ tò wọ́n kí àyè wà láàárín, iná kékeré fún wákàtí méjì, lẹ́yìn náà igi àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ títí wọ́n á fi pọ́n, ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ bá mọ amọ̀kòkò, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín fi wọ́n sínú iná tirẹ̀. Iyẹ̀fun pákó á jó dànù, á fi ihò wínníwínní sílẹ̀, ihò yẹn ni kò jẹ́ kí ooru kọjá. Ẹ fi ọ̀kan lé ìwọ̀n: bíríkì amọ̀ lásán tó tóbi bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n ju kílò méjì lọ, tiyín kò gbọ́dọ̀ ju kan ààbọ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ ọ̀kan tí àárín rẹ̀ ṣì dúdú, ẹ má bẹ̀rù, ààrò fúnra rẹ̀ á jó èyí tó kù.

Eérú

Àpò sìmẹ́ǹtì méjì tí eérú igi gbígbẹ kún ni yóò yí ọ̀fun ká. Ẹ lè rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi igi yan búrẹ́dì tàbí àwọn tó ń yan gàrí. Ẹ sẹ́ ẹ kí èédú àti ìṣó kúrò. Èyí tí a kò gbọ́dọ̀ lò ni eérú èèpo kòkó, bó ti wù kó pọ̀ tó lágbègbè wa: kán-ún inú rẹ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́, eérú tó bá tutù kò sì lè dí ooru. Ẹ fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú, wọ́n á dúpẹ́.

Ẹ wo òkè kí ẹ tó wo ilẹ̀

Ọ̀pá èéfín ló ń yan ibi tí ààrò máa jókòó. Ó gbọ́dọ̀ gùn tààrà, láìtẹ̀, kí igi òrùlé kankan má sì sún mọ́ ọn tó cm 45 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí àyè láàárín igi òrùlé yín kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ sún ààrò, ẹ má gé igi òrùlé. Ẹ má sì kọ́ ọ síwájú ẹnu ọ̀nà tààrà. Afẹ́fẹ́ òjò á máa ti èéfín padà sí yín lójú. Ilé ìdáná tí wọ́n fi màríwò bò kò yẹ fún un rárá.

Ìpìlẹ̀ àti àpótí

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ cm 10, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ da kọnkéré tó nípọn tó cm 5 sí i, 150 ní gígùn, 90 ní ìbú. Lórí rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù oníǹṣì mẹ́fà: 8 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta, gíga rẹ̀ á sì tó cm 75. Ẹ ra 27. Àpò sìmẹ́ǹtì kan tó fún ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù pọ̀. Àpótí yóò gùn tó cm 140 níta, 77 ní ìbú. Inú rẹ̀ á jẹ́ bíi 110 lọ́nà 47. Ní orí kúkúrú ni ẹnu wà: ẹ fi àyè 24 sílẹ̀ ní ìbú láti cm 26 sí 50 sókè.

Ibí ni iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì parí sí. Bíríkìlà á fẹ́ fi í lẹ bíríkì inú pẹ̀lú, nítorí ó mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì lágbára. Ẹ dúró tì í. Inú, amọ̀ òkìtì ọ̀gán kan sí yanrìn méjì ni a fi ń lẹ̀ ẹ́.

Ẹ da ilẹ̀ pupa sínú àpótí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi ga tó cm 26. Bíríkì mẹ́fà ni ilẹ̀ ẹnu àti ọ̀fun, tí orí rẹ̀ á wá wà ní 32. Mẹ́ta-mẹ́ta ní òsì àti ọ̀tún, ní ìdúró lórí ìhà wọn kí wọ́n lè ga tó 12, láti ojú àpótí wọlé. Ọ̀kan dí ẹ̀yìn. Mẹ́ta bo ẹnu lókè. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ ní cm 30 sínú láti ojú àpótí, ó parí ní 42. Lẹ́yìn náà mẹ́rin yí ọ̀fun ká, kí ìdí ọ̀kan máa kan ìhà èkejì, kí ihò 12 × 12 wà láàárín. Méjì tí ẹ là sí ìdajì á gbé e dé gíga 30, ìyẹn 62 láti ilẹ̀.

Ní cm 60 sínú, ẹ mọ ìdènà amọ̀ tó nípọn tó 6. Ní iwájú ìdènà, eérú ni kí ẹ dà yí ọ̀fun ká, láìtẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ilẹ̀ pupa, dé gíga 63. Ẹ fi amọ̀ tó nípọn tó cm 2 bo orí eérú kí ó má máa fò.

Ojú ìkòkò

Ìkòkò onínú rogodo tí gbogbo ilé ní ló bá a mu jù, nítorí ikùn rẹ̀ ló máa jókòó sórí irin, ó sì ń dí ihò fúnra rẹ̀. Wẹ́dà á gé páànù irin méjì tó nípọn tó mm 4. Èkíní, cm 55 × 48, ihò 28 láàárín. Èkejì, 55 × 62, ihò ìkòkò 22 tí àárín rẹ̀ wà ní cm 17 sí etí iwájú, àti ihò 15 fún èéfín tí àárín rẹ̀ wà ní 47, pẹ̀lú ọrùn irin tó ga tó cm 10 tí wọ́n jó mọ́ ọn. Ìwọ̀n yìí gba ìkòkò tí ikùn wọn jẹ́ 30 àti 24. Bí tiyín bá yàtọ̀, ìkòkò yín ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe tiwa: ẹ so ó kọ́ ihò páálí tí ẹ gé, kí nǹkan bí cm 10 sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ wá mọ amọ̀ yí ìkòkò ká. Àlàfo ibi tí ọ̀fun ti kan ìdí ìkòkò jẹ́ cm 3. Ó ń dín kù bó ṣe ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, títí ó fi di 1.5. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ rẹ́ igi kékeré méjì, ọ̀kan cm 3, ọ̀kan 1.5, ẹ máa fi kàn án. Bó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru á kọjá láìfọwọ́ kan ìkòkò. Bó bá há, iná á fún, èéfín á gba ẹnu jáde. Abẹ́ ìkòkò kejì, cm 2.

Ọ̀nà láti ojú kìíní sí ìkejì, àti láti ìkejì sí ọ̀pá èéfín, fẹ̀ tó 18, ó jìn tó 8. Ìhà tó dojú kọ ọ̀nà yẹn ni kí ẹ ti mú àlàfo ìkòkò kìíní wá sí cm 1. Láìṣe bẹ́ẹ̀, iná á sáré gba ibẹ̀ lọ, ìdajì ìkòkò á sì tutù.

Orí amọ̀ tútù ni kí páànù méjèèjì jókòó lé, kí àyè mm 3 wà láàárín wọn. Irin tó gbóná ń nà. Bí wọ́n bá kan ara wọn, wọ́n á tẹ̀ bí akèrègbè. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ìdérí fún ihò kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pá èéfín

Ó fẹ̀ tó cm 15, ó ga tó mítà 3 láti orí ààrò, ó sì yọ ju òrùlé lọ ní ó kéré tán cm 60. Mítà kan àkọ́kọ́, irin dúdú mm 1.5 ni, páànù tí wọ́n fi síǹkì bò ń tú èéfín olóró bó bá gbóná jù, nítorí náà òkè nìkan ni kí ẹ ti lò ó. Rọ́bà omi kò wọ̀ ọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń so ó pọ̀, ti òkè ló ń wọnú ti ìsàlẹ̀, kí oje dúdú lè máa ṣàn sínú, kó má ṣàn bá ara ọ̀pá. Ẹ fi àkẹtẹ̀ páànù dé e nítorí òjò, kí àyè cm 15 wà lábẹ́ rẹ̀.

Férémù tí igi ń sùn lé: irin mm 8 mẹ́rin, cm 40 ní gígùn, tí wọ́n jó pọ̀ ní ìbú 11.5, pẹ̀lú ẹsẹ̀ cm 4. Orí rẹ̀ dúró níbi tí ọ̀fun ti bẹ̀rẹ̀, ìyókù yọ síta. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá yọ férémù yìí torí pé ó ń dí igi lọ́wọ́ ti sọ ààrò di ihò lásán.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mẹ́rin nígbà òjò. Iná ọjọ́ kìíní jẹ́ ti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ fún ìdajì wákàtí, ọjọ́ kejì wákàtí kan, ọjọ́ kẹta ẹ lè gbé omi kaná. Ìlà tóóró tó bá yọ lára amọ̀, ẹ fi amọ̀ àti yanrìn dí i.

Igi

Igi tútù lè jẹ́ omi ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Iná á kọ́kọ́ se omi yẹn kó tó se tiyín. Ẹ la igi sí 3 tàbí 4 cm, ẹ gé e sí 45, ẹ tò ó lábẹ́ ìgbátí sórí búlọ́ọ̀kù, kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ bá là ní oṣù kọkànlá á ti gbẹ kí ọyẹ́ tó lọ. Ẹ fi ìwọ̀n tí alápatà fi ń so ẹran wọn ẹyọ kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbẹ.

Ẹ̀ka kòkó àti obì tí wọ́n gé kúrò lóko dára. Mẹ̀láínà ń tètè jó tán. Èèpo ìta pákó láti ṣọ́míìlì pọ̀, ó sì sábà máa ń gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: èyí tí wọ́n fi oògùn ikán tàbí pẹ́ńtì kùn kò gbọ́dọ̀ wọ ààrò tí à ń fi sè jẹ. Èèpo ẹ̀kùrọ́ ń dí férémù, kò bá a mu. Ọ̀rá náà, rárá.

Bí a ṣe ń dá a

Kí ẹ tó tan iná, ìkòkò tàbí ìdérí gbọ́dọ̀ wà lójú méjèèjì. Ẹ̀ka gbígbẹ wẹ́wẹ́ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Bó bá ti ń dún hòò nínú ọ̀fun, ẹ ti igi mẹ́ta sórí férémù. Orí igi nìkan ló ń jó, ẹ sì ń tì í síwájú bó ṣe ń jó tán. Bí ẹ bá fi igi mẹ́fà kún ẹnu, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà.

Ẹ dán an wò. Ẹ wọn kílò 3 igi, ẹ gbé líta 5 omi kaná lórí ààrò mẹ́ta àtijọ́, kí ó hó. Ẹ pa igi tó kù, ẹ wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ kejì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tuntun, pẹ̀lú ìkòkò kan náà àti igi orí òkìtì kan náà. Bí tuntun kò bá jẹ ju ìdajì lọ, ẹ ti ṣe é re. Bí ìyàtọ̀ bá kéré, àlàfo abẹ́ ìkòkò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wọ̀n.

Bó bá ń yọ yín lẹ́nu

Èéfín tó ń gba ẹnu jáde ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn: ọ̀pá ló tutù. Ẹ gbé ìkòkò kejì, ẹ tan bébà kan síbẹ̀, ẹ yára dá ìkòkò padà. Bó bá ń bá a lọ, ẹ wo ọ̀nà láàárín ojú méjèèjì; eérú máa ń kún ún. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ afẹ́fẹ́ nìkan ni, ọ̀pá kò ga tó.

Ìkòkò kejì tó kọ̀ tí kò gbóná, etí páànù ló ń jò. Ẹ gbé àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí náà nígbà tí iná ń jó: ibi tí iná àbẹ́là bá tẹ̀ sí ni ihò wà. Oje dúdú tó ń kán láti ọ̀pá, igi tútù ló fà á. Oje yẹn náà ló máa ń gbiná nínú ọ̀pá lọ́jọ́ kan. Bó bá gbiná, ẹ fi amọ̀ tútù dí ẹnu ààrò, ẹ má da omi sí ọ̀pá.

Ọ̀pá èéfín kò ní kí ẹ ti fèrèsé. Ẹyín iná tó kù ń tú afẹ́fẹ́ tí kò ní òórùn, tó sì ń pani lójú oorun. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sùn sílé ìdáná nítorí ọyẹ́.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbé páànù, ẹ kó eérú inú ọ̀nà. Lóṣooṣù, ẹ so ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ líle mọ́ okùn, pẹ̀lú òkúta nísàlẹ̀, ẹ fà á lọ fà á bọ̀ nínú ọ̀pá. Bíríkì tó bo ẹnu lókè, tí igi ń kọlù lójoojúmọ́, ló máa ń kọ́kọ́ rún. Ìdí kejì tí a fi ní kí ẹ ṣe 30 nìyẹn: ẹ tọ́jú èyí tó kù síbi gbígbẹ, ẹ sì lè pààrọ̀ mẹ́ta yẹn ní wákàtí kan láìwó ohun mìíràn.